Àpá tí Mo Nù Kúrò Lójú Fọ́tò

Òórùn ike gbígbóná ni mo fi ń rántí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò yẹn ní Ṣàngótẹ̀dó, ike tí a fi ń bo fọ́tò kí omi má baà kàn án, tí òórùn rẹ̀ ń pò mọ́ eruku títì Ẹ̀pẹ́ títí a ó fi tilẹ̀kùn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì nígbà náà, mo ń retí iṣẹ́ tí mo rò pé ó tọ́ sí mi. Àǹtí tó ni ṣọ́ọ̀bù ló kọ́ mi bí a ṣe ń tún fọ́tò ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n kọ́kọ́ fi léyà hàn mí: wọ́n ní kí n rò ó bí ike tín-ínrín tí a tò lé ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé nǹkan tirẹ̀ dání. Lẹ́yìn náà ló kan másìkì, ìbòjú tí ń fi ohun tí a kò fẹ́ rí pamọ́ láì pa á rẹ́. "Bò ó, má nù ún," ni wọ́n máa ń wí. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí a ò fi ní nù ún nígbà tí a ò fẹ́ ẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìwọ yìí, bí èèyàn bá kí ẹ káàárọ̀, wàá kọ́kọ́ wo aago."

Lọ́jọ́ kan, ìyá kan wá láti abúlé kan létí ọ̀sà, lẹ́yìn Lakowe. Wọ́n gbé fọ́tò ìyá wọn tó ti dolóògbé wá nínú férémù, ẹyọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní, níbi tí ìyá àgbà náà ti jókòó síwájú ilé alámọ̀. Wọ́n fẹ́ ká sọ ọ́ di ńlá fún ìrántí tí wọ́n fẹ́ ṣe. A ya fọ́tò náà sínú kọ̀ǹpútà láì yọ ọ́ kúrò nínú férémù, wọ́n sì gbé férémù wọn lọ. Mo fi másìkì bo ilé náà, mo fi àwọ̀ búlúù rọ́pò rẹ̀, bí àwọn oníbàárà ṣe sábà máa ń fẹ́ ẹ. Nígbà tó kan ojú, mi ò ṣí léyà tuntun. Orí fọ́tò gan-an ni mo ti ṣe é: mo nu gbogbo ibi tó hunjọ, mo mú awọ dán, mo sì pa àpá kan rẹ́ lókè ojú òsì. Àṣà wa ni. Mi ò tíì rí oníbàárà tó bínú pé òkú òun dára jù. Orúkọ àtijọ́ náà ni mo fi tọ́jú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ni tuntun bá gba ipò ti àkọ́kọ́, ti àkọ́kọ́ sì pa rẹ́.

Nígbà tí ìyá náà padà wá, wọ́n wo ojú kọ̀ǹpútà pẹ́.

"Ọmọ mi, ìyá ta nìyí?"

"Ìyá yín ni, mà."

"Rárá o. Èyí ò tíì bímọ rí." Àǹtí fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n pa á mọ́ra. "Àpá ojú wọn dà? Èmi ni mo fi àjẹ̀ gbá wọn nínú ọkọ̀ ojú omi, níbi tí mo ti ń ṣeré ọmọdé. Títí wọ́n fi kú, wọ́n máa ń fọwọ́ kàn án bí wọ́n bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Mo ní kí wọ́n gbé ti inú férémù wá, ká tún un yà. Wọ́n mirí. "Mo ti yọ ọ́ kí n lè fi tuntun síbẹ̀. Ó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ojú wọn ya."

Mo ká másìkì tí mo fi bo ẹ̀yìn fọ́tò kúrò. Ilé alámọ̀ náà padà wá, tòun ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìyá náà sún mọ́ ọn. "Ṣé o lè dá ojú náà padà bẹ́ẹ̀?"

"Ilé ni mo bò, mà. Ojú ni mo nù."

Mo ṣí léyà tuntun, mo ń ya àpá, wọ́n ń fìka tọ́ mi sọ́nà. "Ó rẹlẹ̀ jù. Gbé e sókè. Jẹ́ kó tẹ̀ díẹ̀." Ó pẹ́ kí wọ́n tó dákẹ́. "Ó jọ wọ́n," ni wọ́n wí. Wọn ò sọ pé, "Ìyá mi nìyí." Wọ́n ní ká fi ilé náà sílẹ̀ lẹ́yìn ìyá àgbà; a tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n sì gbé e lọ.

Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé àpá ìyá àgbà ni mo yà; ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tó kù lọ́kàn ọmọ wọn ni. Ohun tó dá mi lójú ni pé èmi ni mo rí àpá yẹn fínnífínní kẹ́yìn. Mo ti fẹ ojú náà lórí kọ̀ǹpútà títí àpá fi gbòòrò tó àtẹ́lẹwọ́, mo rí i ju bí ọmọ wọn ṣe rí i rí lọ, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ni mo kà á sí. Mo ti gba iṣẹ́ tí mò ń retí báyìí. Síbẹ̀, nígbà mìíràn, ó máa ń wù mí kí n tún jókòó síwájú ojú yẹn fún ìṣẹ́jú kan péré, kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan, kí n ṣáà máa wò ó.