Ètò Tí Kì Í Dáhùn Àgò

Ẹnu mi ló kó bá mi. Èmi ni mo sọ pé kí ètò kọ̀ǹpútà tí a kọ máa dákẹ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó lọ wá àwọn ètò mìíràn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ó sì tò wọ́n sínú kọ̀ǹpútà. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ kọ ọ́ nílé mi ní Igbó-Ọrà. Nígbà tó kù ká fi lé àwọn èèyàn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dá ìjà sílẹ̀: tí èèyàn bá bẹ ètò náà níṣẹ́, tí kò sọ nǹkan mìíràn, báwo ni kó ṣe máa sọ̀rọ̀ tó? Ọ̀rẹ́ mi ní kó máa ròyìn. Mo ní rárá, òṣìṣẹ́ gidi kì í pariwo. Tó bá parí, kó sọ pé òun parí. Oríkunkun mi borí.

Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ wa. Òun ló ń mójú tó yàrá kọ̀ǹpútà ilé ìwé kan ní Èrúwà, wọ́n sì ṣì ń dán an wò lẹ́nu iṣẹ́ ni. Bí ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè bá lọ déédéé, iṣẹ́ di tirẹ̀.

Ní Sátidé, ó bẹ ètò wa níṣẹ́ lórí gbogbo kọ̀ǹpútà yàrá náà, kí ó kó ohun tí wọ́n máa fi ṣe ìdánwò náà wọlé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fà. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú, kò sọ nǹkan kan. Obìnrin yìí dúró títí, ó gbà pé ètò ti kú, ló bá pa wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ó tún wọn tàn, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀. Àbọ̀ ohun tó ti wọlé dàrú mọ́ra, àwọn kọ̀ǹpútà ò ṣiṣẹ́ mọ́.

Nígbà tó pè mí, mo jágbe mọ́ ọn. Mo bi í pé kí ló dé tí kò lè ní sùúrù.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá kágò lẹ́nu ọ̀nà yín, tí ẹnikẹ́ni ò wí pé àgò yà, ṣé kí n máa dúró síbẹ̀ ni? Màá gbà pé kò sẹ́ni nílé ni."

Inú bí mi, torí ó jàre. Nílé wa, ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ pàápàá á gbé òkèlè mì, á dáhùn àgò kó tó dìde.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè mo gun ọ̀kadà lọ sí Èrúwà. Kí n má baà tún ṣì í, mo ní kí ètò náà máa sọ gbogbo ohun tó bá ń ṣe. Ọ̀rọ̀ bá ń ya bí èlùbọ́ tó já lápò. Láàárín rẹ̀ ni ìlà kan ti ń sọ pé àyè ò tó mọ́ nínú kọ̀ǹpútà. Mi ò rí i, èmi tí mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́. Nígbà tí màá fi rí i, ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n sì ti mú iná lọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi nǹkan fọ́ nǹkan.

Ní Mọ́ńdè, ìdajì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò rí kọ̀ǹpútà lò. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ní kí Ìyá Ìbejì má wá mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi ò bú mi, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. A tún un ṣe. Ní báyìí, ìlà kan ni ètò wa ń sọ fún ohun kọ̀ọ̀kan tó bá ń ṣe. Tí wàhálà bá sì dé, á dúró síbẹ̀, ìyẹn nìkan ni yóò máa sọ. Ohun tó ń kọ́kọ́ kọ ni, "Àgò yà, mo ti ń wá a."

Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìyá Ìbejì. Ó ní ó dáa, pé mo kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n òun ò ní kọ̀ǹpútà tí òun máa fi dán an wò mọ́.