Rẹ́jísítà Àwọn Kòkòrò Ọmọ́yẹlé

Ọmọ́yẹlé ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ tísà, ṣùgbọ́n kò fẹ̀yìn tì nínú orúkọ pípè. Ní Molutehin, abúlé wa tó wà lórí omi, níbi tí ilẹ̀ gbígbẹ kò ti tó nǹkan, inú ọkọ̀ ojú omi kan tó ti lu ló dá ọgbà rẹ̀ sí. Ó bu ilẹ̀ dúdú wá láti Igbokoda, ó gbin ata àti efinrin sí i. Láràárọ̀ ló ń wo kòkòrò tó bà síbẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, yóò rin afárá pákó wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò tún máa wò. Rẹ́jísítà kíláàsì àtijọ́ kan tí ojú ewé rẹ̀ kò tíì tán ló ń kọ wọ́n sí. Labalábá wá. Agbọ́n wá. Tata kò wá.

Èmi aládùúgbò rẹ̀ náà ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Àmọ́ nígbà tí ẹja ò wọ àwọ̀n mọ́, tí Godwin, olórí àwọn ọ̀dọ́ apẹja, ń sọ kiri pé ohunkóhun tí ìyá yìí bá kọ orúkọ rẹ̀ ló ń lọ, inú bí mi gan-an.

Wọ́n pè é sí ìpàdé níwájú Bàbá Ọlọ́rundáre, olórí àdúgbò wa. Godwin dúró dí ẹnu ọ̀nà, ó ní, “Màmá, ẹ ju ìwé yẹn sómi, kí ẹja lè padà.”

Ọmọ́yẹlé kò jókòó. Ó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́.

“Godwin, orúkọ rẹ rèé, ní kíláàsì kẹta. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Ibo lo lọ?”

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ́yẹlé kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ìwé náà síwájú.

“Lámilámi. Ọjọ́ Ajé, ó wá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó wá. Ọjọ́rú, epo rọ̀bì bo omi. Ọjọ́bọ̀, kò wá. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pariwo ẹja.”

Bàbá ní kó rọra, kó fún òun ní ìwé náà kí ọ̀rọ̀ lè tán.

“Bàbá, n kò ní fún yín. Tí àwọn elépo rọ̀bì bá dé láti wo ohun tí epo wọn bà jẹ́, tí wọ́n ní kò sí ohun abẹ̀mí kankan níbí rí, kí lẹ fẹ́ fi dá wọn lóhùn? Ẹja tí ẹ ti jẹ?”

Ó fa bírò yọ, ó kọ ti ọjọ́ náà sí i níwájú gbogbo wa: kò wá. Lẹ́yìn náà ó ní kí Godwin yẹra lẹ́nu ọ̀nà, Godwin sì yẹra.