Ọmú Kẹta

Ìyàwó tuntun ni mí ní àdúgbò Dichemso nígbà tí mo bí àkọ́bí mi. Ní ọjọ́ tí omi ọmú dé, kókó kan wú sí abẹ́ itan mi. Ó le, ó sì ń ro mí.

Ìyá ọkọ mi, tó ń ta aṣọ ní ọjà Kejetia, ló ń bá mi wẹ ọmọ. Bó ṣe rí ìrìn mi, ó gbé ẹsẹ̀ mi méjèèjì wò, ó ń wá ojú egbò, nítorí ẹni tí ẹ̀gún bá gún lẹ́sẹ̀ ni abẹ́ itan rẹ̀ máa ń wú. Kò rí nǹkan kan. Ojú rẹ̀ yí padà. Abẹ́ itan tó wú láìsí egbò, àtọ̀sí ni wọ́n máa ń pè é lára ọmọge. Ọkọ mi nìkan ni mo mọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà mí gbọ́?

Ìyá ọkọ mi ní bí gbájámọ̀ bá wá fá orí ọmọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, kó kúkú fi abẹ la kókó náà. Mo sunkún ju ọmọ tí mo bí lọ. Ọkọ mi ló ta kú pé ilé ìwòsàn ni.

Dókítà tún yẹ ẹsẹ̀ mi wò, òun náà! Ó ní kí n wúkọ́, kó lè mọ̀ bóyá ìfun ló yọ síbẹ̀. Ó ní kí n dùbúlẹ̀, ó tẹ kókó náà títí, kò wọlé. Ló bá di pé ọmọ bú sẹ́kún lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi. Kíá, kókó náà le gbandi, omi funfun sì kán jáde lójú àmì dúdú kékeré kan tí wọ́n bí mọ́ mi níbẹ̀. Dókítà rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì tó ń túmọ̀ sí èdè ìlú náà ní, "Maame, ɛyɛ nufu."

Ọmú ni! Wọ́n ní Ọlọ́run máa ń fi kún ti àwọn ẹlòmíì, láti abíyá títí dé abẹ́ itan. Kí ẹnikẹ́ni má là á, yóò rọlẹ̀. Bí kò bá rọlẹ̀ lẹ́yìn tí mo bá já ọmọ lẹ́nu ọmú, kí n padà wá.

Ìyá ọkọ mi pọn ọmọ, ó ń lọ níwájú mi títí a fi kọjá àdúgbò Asafo. Mo rò pé kò gbà wọ́n gbọ́ ni. Nígbà tí a délé, àwọn ìyàwó ilé ti pé jọ, wọ́n ń bi wá léèrè ohun tí dókítà wí. Ìyá ọkọ mi ló dá wọn lóhùn:

"Nufu ni, àlùhámúdùlílàì! Ọmú ọmọ mi ni. Ta ló fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò nínú yín?"

Kálukú gba yàrá rẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ pè mí lọ́mọ.