Ilẹ̀kùn Ilé Ìdáná Wa

Lẹ́yìn tí mo dé láti inú igbó ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ igi. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi jẹun. Àgbẹ̀ kòkó ni mí, Èmùré ni ilé wa wà, mo sì ti lé ní àádọ́ta ọdún kí n tó di ayùn mú. Ohun tó gbé mi débẹ̀ ni ilẹ̀kùn kan.

Ọ̀nà ilé ìdáná ni àwọn ajínigbé tó gbé mi gbà wọlé. Ìrọ̀lẹ́ ni, ìyàwó mi ń se iṣu lọ́wọ́ kí a lè gúnyán. Wọn kò fọ́ ilẹ̀kùn náà. Wọ́n kàn fi èjìká tì í, ìdábùú tí a fi ń há a láti inú sì já bọ́ sílẹ̀, nítorí ìṣó kéékèèké ló di irin rẹ̀ mú. Láti inú ilé nìkan ni ènìyàn ti lè mọ̀ pé àwọn ìṣó náà kò jinlẹ̀. Ta ló wọ ilé wa tó rí i? N kò mọ̀ títí di òní. Ohun tí ojú mi rí lọ́dọ̀ wọn, n kò ní kọ ọ́ síbí, nítorí n kò mọ ẹni tí yóò kà á. Wọ́n fi mí sílẹ̀, mo padà wálé.

Kí n tó dé, ìyàwó mi ti kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́. Okùn ló fi de ilẹ̀kùn náà kí ó tó lọ. Mo wọ mọ́tò lọ bá a. Ó sunkún, ó fọwọ́ pa mí lórí bí ọmọdé, ó gbé oúnjẹ fún mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní ká máa lọ sílé, ó wò mí.

"Ulé wo, Bàbá wọn? Èyí tí mo fi okùn dè bí ewúrẹ́?"

"Màá ṣe ilẹ̀kùn tuntun."

"Ọjọ́ tí ulẹ̀kùn bá dúró, ẹ wá mú mi. Bí mi ò bá rí i, mi ò ní sùn níbẹ̀."

Káfíńtà kan wà ní òdìkejì ọ̀nà wa, ọkùnrin aláwàdà tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Òun ló yẹ kí n pè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe ilẹ̀kùn fún ènìyàn ti mọ ibi tí ìdábùú rẹ̀ wà, ó sì mọ bí ìṣó rẹ̀ ṣe gùn tó. Ó ti bá wa tún àga ṣe nínú ilé ìdáná yẹn rí. Àwọn tó ń ru iṣu wá láti oko náà ti mu omi níbẹ̀, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti jẹun níbẹ̀. N kò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Mo kàn pinnu pé ilẹ̀kùn yìí, ọwọ́ tèmi nìkan ni yóò mọ̀ ọ́n.

Yàrá tí a máa ń kó kòkó gbígbẹ sí ti ṣófo, nítorí n kò lè dé oko mọ́. Mo gbá a, mo kó òwú aláǹtakùn rẹ̀ kúrò, mo sì kan tábìlì kan tó nípọn. Ẹlòmíràn ì bá gbé tábìlì náà ti ògiri. Èmi gbé e dábùú ẹnu ọ̀nà, mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo kọjú síta. Obìnrin kan tó ń kọjá béèrè pé, "Bàbá, ṣé búrẹ́dì lẹ fẹ́ máa tà ni?"

Mo ra ayùn, òòlù, téèpù àti ìfági tí a fi ń fá ojú pákó kí ó lè dán. Mo tún ra ayùn oníná kékeré kan, ṣùgbọ́n ìyẹn kò bá mi lára mu. Bí ó bá ti ń ké, n kò gbọ́ ohun mìíràn. Ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni lè wà lẹ́yìn mi. Nítorí náà, mo máa ń tàn án, mo máa ń pa á, màá tẹ́tí, màá tún tàn án.

Káfíńtà kígbe láti òdìkejì ọ̀nà pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún ẹ̀rọ yín lóògùn o, ó ń wúkọ́!"

Mo rẹ́rìn-ín fún un, mo sì gbé ẹ̀rọ náà sábẹ́ tábìlì. Láti ọjọ́ náà, ayùn ọlọ́wọ́ ni mo ń lò.

Pákó àlòkù ni mo fi kọ́ iṣẹ́ náà. Àpótí ìjókòó tí mo kọ́kọ́ kàn ń mì bí ẹni tó mu ẹmu yó. Èyí tó tẹ̀ lé e sàn díẹ̀. N kò ní purọ́, iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi. Bí ìfági bá ti ń lọ, tí èérún igi ń ká jọ sí ẹsẹ̀ mi, tí òórùn rẹ̀ ń dìde, ìgbà mìíràn wà tí n kò ní rántí igbó náà rárá. Ìgbà tí mo bá wá mọ̀ pé n kò rántí ni àyà mi máa ń já, bí ẹni tó sùn lẹ́nu ìṣọ́.

Àárín òjò ni mo lọ ra pákó ilẹ̀kùn níbi tí wọ́n ti ń la igi. Ó tutù, ó sì wúwo. Èmi tí mo ti ń sá kòkó láti kékeré, tí mo máa ń fi etí gbọ́ èyí tí kò tíì gbẹ nínú àpò, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sá pákó náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ti ń bá a wá ṣọ́ọ̀bù ní Ìkẹ́rẹ́. N kò lè dúró kí ó gbẹ. Mo gé pákó náà ní tútù, mo fá a, mo kàn án bẹ́ẹ̀.

Nígbàkúùgbà tí káfíńtà bá fẹ́ wá wò ó, màá fi ìbora bo ilẹ̀kùn náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, ó na ọrùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé òkú lẹ tẹ́ síbẹ̀ ni?"

Mo ní kò tíì parí ni. Ó ní ó dáa, ó yí padà. N kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ìdábùú méjì ni mo fi sí i. Ọ̀kan wà lókè. Èkejì wà nísàlẹ̀ pátápátá, nítòsí ilẹ̀, níbi tí ojú kì í dé. Nígbà tí mo gbé ilẹ̀kùn náà kọ́, ó wọ àyè rẹ̀ pinpin. Ìyàwó mi wá, ó tì í, ó ṣí i, ó fi èjìká gbá a. Ó sùn sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n kò tú àpò rẹ̀. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ibẹ̀ ló sì ti ń mú aṣọ tó ń wọ̀.

Ọyẹ́ dé. Igi náà gbẹ, ó sì súnkì. Àlàfo là láàárín àwọn pákó, ìmọ́lẹ̀ ìta sì ń gba ibẹ̀ wọlé ní ìlà ìlà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó mi ń fọ abọ́, ìlà ìmọ́lẹ̀ kan ṣú, ó tún mọ́, èyí tó tẹ̀ lé e ṣú. Nǹkan ń kọjá níta. Ó sá wá bá mi nínú yàrá iṣẹ́ mi, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọṣẹ. Mo jáde lọ wò ó. Ewúrẹ́ ni.

"Ewúrẹ́ lónìí," ó wí. "Ẹni tó bá fẹ́ wò wá lè máa wò wá."

"Màá tún un ṣe."

"Ìgbà wo? Ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, àbí kí n gbé àpò mi."

Mo padà sẹ́yìn tábìlì mi. Òun fúnra rẹ̀ ló sọdá ọ̀nà.

Káfíńtà dé, ó fọwọ́ pa ilẹ̀kùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé èyí lẹ fi ìbora bò? Ó ga jù yín lọ!" Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà la igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń kàn wọ́n mọ́ ojú àlàfo láti inú. Èmi ni mo ń di ilẹ̀kùn mú fún un. Mo ń wo gbogbo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá dé.

Nígbà tó parí, ìyàwó mi ní ká dán an wò, ká lè mọ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ ṣì ń wọlé. Ó ti fèrèsé. Ó ti ilẹ̀kùn tó wọ inú ilé. "Bàbá wọn, ẹ ti èyí náà."

Mo tì í, mo fi ìdábùú méjèèjì sí i. Òkùnkùn ṣú bo àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí ìlà ìmọ́lẹ̀ kankan.

"Ó ti dáa," ìyàwó mi wí nínú òkùnkùn. "Ó dáa gan-an. Ẹ ṣí i."

Mo na ọwọ́, n kò rí nǹkan kan. Mo ń gbọ́ èémí ọkùnrin mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sún díẹ̀." Mo gbọ́ tí ìdábùú òkè yẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì wá ti ìsàlẹ̀ kiri rárá, mo kàn gbọ́ tí irin rẹ̀ yẹ̀ ni. Oòrùn wọlé.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan igi sí ẹ̀gbẹ́ ìdábùú ìsàlẹ̀ náà lọ́sàn-án yẹn ni. Ó yẹ kó mọ ibi tó wà. Ohun tí mo ń sọ fún ara mi nìyẹn nígbà tó ń kó irinṣẹ́ rẹ̀, tó ń dágbére, tí ìyàwó mi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi sọdá. Mo ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí mò ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, nígbà tí mo gbọ́ ìyàwó mi nínú yàrá tí a ń sùn. Ó ń tú àpò rẹ̀, ó sì ń béèrè lọ́wọ́ mi ibi tí mo kó ìkọ́ aṣọ sí.