Èèpo Àlùbọ́sà àti Orúnkún Ìyá

Òórùn èèpo àlùbọ́sà gbígbẹ ló gba pálọ̀ wa lọ́dún náà. Kì í ta ni lójú bíi ti àlùbọ́sà tútù. Ó máa ń rọra ta sánsán ni, bí ewé tí oòrùn ti pa. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni àpò rẹ̀ wà. Ọmọbìnrin mi tó wà ní yunifásítì ló ń kó o jọ, ó sì ní kí a má fọwọ́ kàn án. Ó ṣàlàyé fún èmi àti ìyá ìyàwó mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, pé ohun kan wà nínú èèpo tí gbogbo ayé ń dà sí ààtàn yìí, tó ṣeé ṣe kó dáàbò bo oríkèé ara. Inú ìgò ni wọ́n ṣì ti ń dán an wò ní yunifásítì wọn, wọn ò tíì fún ènìyàn lò. Mo pẹ́ kí n tó lọ sílé ìwé, gbogbo rẹ̀ kọ́ ló yé mi, ṣùgbọ́n mo rí i pé ìyá ti fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn.

Làkúrègbé ti mú ìyá ní orúnkún; ó ń lo oògùn ọsibítù, ṣùgbọ́n orí àga ló ti ń kírun. Kì í ráhùn ìrora. Ohun tó ń dùn ún ni pé iwájú orí rẹ̀ kò kan ilẹ̀ mọ́. Ó máa ń ní òun ń kí Ọlọ́run bí ọmọ tó jókòó kí àgbà.

“Ẹ ní sùúrù, Ìyá àgbà,” ni ọmọ mi wí. “Kò tíì di oògùn.”

“Èmi náà ò tíì di òkú,” ni ìyá dá a lóhùn. “A ó jọ máa dúró.”

Kò dúró. Nílé wa, ohunkóhun tí a bá ti gbọ́ pé ó ń ṣe ara lóore, inú ìkòkò àgbo ló ń lọ. Kí ọmọ mi tó ti kíláàsì dé, ìyá ti se gbogbo àpò náà. Ó ti mu ife kan, ó sì ti bu tèmi sílẹ̀. Omi náà pọ́n bí omi osùn. Ọmọ mi jókòó, ó ń wo ìkòkò. Nígbà tó yá ni ẹ̀rín gbé e, ó bi ìyá bóyá ó rántí fi iyọ̀ sí i. Ojú ti ìyá. Ó ní ẹni tó sè é ni yóò ṣà á padà.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Sábó nìyẹn, lọ́dọ̀ àwọn Hausa tí ń ta àlùbọ́sà. Ìyá tí kì í kọjá ẹnu ọ̀nà! Mo ní kí n pe ọ̀kadà, ó kọ̀. Ó ní ẹsẹ̀ òun ló fa ẹjọ́, ẹsẹ̀ náà ni yóò rò ó. Ìrọ̀lẹ́ ni a máa ń lọ, òun pẹ̀lú ọ̀pá níwájú, èmi pẹ̀lú àpò lẹ́yìn. Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́jà fi ń kó èèpo dè wá, wọ́n ń pe ìyá ní Màmá Eléèpo. Ọ̀kan nínú wọn béèrè ẹni tí mo jẹ́.

“Alábàárù mi ni,” ni ìyá wí. “Kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó lágbára.”

Mo rẹ́rìn-ín títí àpò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ìyàwó mi ti lọ.

Àpò kún, a ò sinmi. Ìyá ní kí òmíràn wà nílẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo gbọ́ tí àga wọ́ nílẹ̀ ní yàrá rẹ̀. Èmi àti ọmọ mi sáré wọlé. Ó ti kírun tán lórí àga, ó wá sọ̀ kalẹ̀ sórí ẹní fúnra rẹ̀, iwájú orí rẹ̀ kan ilẹ̀. A rò pé ó ṣubú ni. Bí ọmọ mi ṣe fẹ́ gbé e dìde, láti ilẹ̀ ló ti fọhùn.

“Ẹ fi mí sílẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti débí kẹ́yìn.”

Ọmọ mi ní ìrìn àti oògùn ọsibítù ló ṣe é. Ìyá ní ife àgbo kan yẹn ni. Wọn ò tíì parí àríyànjiyàn náà, èmi ò sì dá sí i. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ilé tó ti dákẹ́ láti ọjọ́ ìsìnkú tún ń pariwo. Oògùn inú ìgò kò tíì jáde. A ṣì ń dúró dè é. Ṣùgbọ́n bí ìrọ̀lẹ́ bá ti lẹ́, yálà ọmọ mi fẹ́ èèpo tàbí kò fẹ́, ìyá á wọ bàtà rẹ̀, èmi á sì mú àpò.