Ife Omi Lórí Ẹ́ńjìnì

Mi ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwọ lo ní kí n sọ ọ́, o sì ti gbé bébà kalẹ̀, torí náà kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Má bá mi ṣe é lẹ́ṣọ̀ọ́. Ibi tí mo bá ní kí o má kọ, má kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé tó wà lábẹ́ igi àgbọn yẹn. Ó dàgbà ju ìyá rẹ lọ. Mo fi kó èrò lọ sí Seme, mo fi kó àgbọn. Nígbà tí mo ṣíwọ́ iṣẹ́, ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń ṣe: ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, á gbé èmi àti ìyá àgbà lọ sí Ikoga, lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Orúnkún ìyá àgbà ò jẹ́ kó lè gun ọ̀kadà. Ó gùn ún lẹ́ẹ̀kan, ènìyàn mẹ́ta ló sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó sì búra pé òun ò tún gùn ún mọ́ láyé òun. Tí ò bá sí ọkọ̀, kò sí Ikoga. Tí ò bá sí Ikoga, ilé ló máa jókòó sí, á máa wò mí. Ìyẹn ni mi ò fẹ́.

Ọkọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Tó bá ń sáré, kò sí wàhálà. Àmọ́ tí mo bá dúró, tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ tí mi ò tẹná, á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Àwa awakọ̀ máa ń sọ pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ò ní sílóò. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ já bọ́. Lọ́jọ́ kan ó kú síwájú àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò lójú ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn wò ó, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó lọ sinmi."

Ìyá rẹ gbọ́, ó sì wá. Ó ní, "Bàbá, ọkọ̀ yìí á ṣe yín léṣe. Ọkùnrin kan wà ní ọ̀nà Seme tó ń ra ọkọ̀ àlòkù, tó ń tú u tà. Mo ti bá a sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Sátidé ló ń bọ̀. Tó bá dé tí ọkọ̀ yìí ṣì ń gbọ̀n, kó máa gbé e lọ."

Mo ní, "Ó dáa."

Mọkáníìkì ọmọdé kan tó wà létí títì ló kọ́kọ́ wá wò ó. Ó gbé kọ̀ǹpútà dání. Ó wo abẹ́ sítíárìn, ó wo ẹ̀yìn, ó dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, ó wá ní, "Bàbá, ibo ni wọ́n ti ń ki wáyà bọ̀ ọ́?" Mo ní wọn ò ṣe ihò yẹn sí i. Ó kí mi, ó lọ.

Mo bá dojú kọ ọ́ fúnra mi. Mo ń yọ wáyà pulọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí o bá yọ ọ̀kan tí ohùn ẹ́ńjìnì ò yí padà, òun ni ọ̀lẹ inú wọn. Mo yọ àkọ́kọ́, ohùn yí padà. Mo yọ èkejì, iná gbá mi, ohùn tèmi ló yí padà. Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín níbi tó ti ń fọṣọ.

"Bàbá, ṣé ẹ ti wá mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ báyìí?"

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ṣiṣẹ́. Mo ṣí dẹlikó, ìyẹn ilé kékeré tó ń pín iná fún pulọ́ọ̀gì. Iyọ̀ òkun ti sọ ẹnu kọ́ńtáàkì inú rẹ̀ di funfun. Mo fi sáńpépà fọ̀ ọ́, mo fi páálí ìṣáná wọn àlàfo rẹ̀ bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi. Ọkọ̀ ṣì ń gbọ̀n.

Ó wá ku sukudiráfà. Létí òkun tiwa níbí, etí ò ṣeé gbọ́kàn lé, òkun ò yé hó. Ọ̀gá mi kọ́ mi pé kí n fi eyín di ìdí sukudiráfà mú, kí n fi orí rẹ̀ kan ẹ́ńjìnì. Ohun tó ń ṣe irin á gba inú eyín wọ orí rẹ. Mo ti fi mọ àìsàn ọkọ̀ tí mi ò lè kà tán.

Mo dì í mú, mo fi kan ẹ́ńjìnì. Kò-kò-kò-kò. Tí o bá gbọ́ irú ìró yẹn, irin ìsàlẹ̀ tó ń ti písítìnì ti jẹ, ọwọ́ ò ká a mọ́ nìyẹn. Mo fi kan ọ̀tún, kò-kò-kò. Mo fi kan òsì, kò-kò-kò. Mo fi kan mọ́gáàdì tó bo táyà pàápàá, kò-kò-kò. Ó yẹ kí ti mọ́gáàdì yẹn ṣe mí ní kàyéfì. Kò ṣe mí.

Ìyá àgbà bi mí pé kí ni mo gbọ́. Mo ní, "Ó ti kú." Mo wọlé.

Ọjọ́bọ̀ dé, a ò lọ sí Ikoga. Ìyá àgbà jókòó, ó ń wò mí. Àbúrò rẹ̀ pè é lórí fóònù, wọ́n sọ Ègùn títí, mo sì ń gbọ́ orúkọ mi níbẹ̀. Kì í ṣe fún rere.

Ní Sátidé, ọkùnrin náà dé. Ó sanra, ó ń rẹ́rìn-ín, ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ kún fún òkú ẹ́ńjìnì. Ó bá mi níbi tí mo ti ń mu ògì. Mo ti yọ eyín mi sínú agolo kékeré kan, mo sì ti sọ ọ́ sápò, torí eyín yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, kò sì tíì bá ẹnu mi mu. Ògì máa ń wọ abẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ ló rà á fún mi. Má kọ ìyẹn. Ó dáa, kọ ọ́, ṣùgbọ́n má kà á sí i létí.

Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣáná sí i kí n gbọ́ ohùn rẹ̀ kí n tó gbé e."

Mo ṣáná sí i. Ó ń gbọ̀n gìrìgìrì. Ọwọ́ mi ló lọ mú sukudiráfà fúnra rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá fẹ́ dágbére. Mo fi èrìgì dì í mú, mo fi kan ẹ́ńjìnì.

Kò sí kò-kò-kò. Fìììì ni mo gbọ́, bí ẹni tó ń súfèé láàárín oorun.

Mo yọ sukudiráfà lẹ́nu. Mo fọwọ́ kan agolo nínú àpò mi. Eyín ni! Eyín ló ń gbọ̀n pọ̀ mọ́ ọkọ̀, tó ń kan ara rẹ̀ lẹ́nu mi, tí mo fi sọ pé ẹ́ńjìnì ti kú.

Mo lọ bu ìfófòó ọṣẹ nínú báásìnì ìyá àgbà.

"Ọṣẹ mi!"

Mo fi í sára róbà tó ti ẹ́ńjìnì lọ sí bíréèkì. Ibì kan níbẹ̀ fa ìfófòó náà mu bí ẹni tó ń mu ògì. Oòrùn ti la róbà náà, afẹ́fẹ́ ń gbabẹ̀ wọlé. Ọkùnrin yẹn tẹjú mọ́ ọn. Ó lọ gé róbà kan lára òkú ẹ́ńjìnì tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, ó mú un wá.

Ó ní, "Mi ò tíì sọ pé mi ò ní gbé e o. Mo kàn fẹ́ wò ó ni."

A fi róbà náà sí i. Gbígbọ̀n dín, àmọ́ kò tán. Ó ku táímìn-ìn, ìyẹn ìgbà tí iná ń dé pulọ́ọ̀gì. Mo dẹ nọ́ọ̀tù abẹ́ dẹlikó. Tí o bá yí i síbí, iná á tètè dé. Tí o bá yí i sọ́hùn-ún, á pẹ́. Tó bá pẹ́ jù, ọkọ̀ á máa gbọ̀n. Tó bá yá jù, á máa kan kà-kà-kà tó bá ń gun òkè. Ìyá àgbà dúró tì mí, ó ń sọ fún mi ní Ègùn rẹ̀ pé, "Dẹ̀dẹ̀, Bàbá, dẹ̀dẹ̀," ìyẹn ni pé kí n rọra, bí ẹni tó ń gba ọmọ tuntun lọ́wọ́ oníṣègùn. Mo ń yí i bí ìwọ̀n irun orí kan, mo ń dúró, mo tún ń yí i. Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo dì í.

Ọkùnrin náà ní, "Màmá, ẹ bomi kún ife, kó kún dẹ́nu. Tí omi bá dà lórí ẹ́ńjìnì yìí, mo gbé ọkọ̀ lọ. Tí kò bá dà, mo gbé ara mi lọ."

Ìyá àgbà gbé ife tánganran rẹ̀ wá, ó bomi kún un, ó gbé e lé orí ẹ́ńjìnì. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹjú mọ́ omi náà. Ó ń mì fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ bí ojú ọ̀sà láàárọ̀. Kò dà. A dúró, kò dà. Ọkùnrin náà gbé ife, ó mu omi náà tán, ó ní ká kú iṣẹ́. Àgbọn mẹ́ta la fún un.

Kò tíì jìnnà tí ìyá rẹ fi pe fóònù. "Màmá, ṣé ó ti lọ?"

"Ó ti lọ."

"Ẹ ṣeun. Ọkàn mi balẹ̀. Bàbá ńkọ́, ṣé ó ń dùn wọ́n?"

"Wọ́n wà lábẹ́ ọkọ̀."

"Ọkọ̀ wo?"

"Ọkùnrin yẹn ni mo ní ó ti lọ."

Ní Ọjọ́bọ̀, a gba Ikoga lọ. Ọkọ̀ ń rìn, ìyá àgbà ń sọ̀rọ̀. Ibi tí ọ̀nà ti gòkè díẹ̀ kó tó dé afárá kan, mo gbọ́ ọ: kà-kà-kà. Mo ní háà, mo ti yí táímìn-ìn yá jù. Mo dúró, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo mú sípánà.

Ìyá àgbà yọrí. "Bàbá, kí lẹ ń wá níbẹ̀?"

"Ó ń dún."

"Ẹ wá bọ eyín yín sẹ́nu. Inú agolo tí ẹ gbé síwájú yìí ló ti ń dún. Bó ṣe dún náà nìyí lọ́jọ́ tí ẹ gé sukudiráfà jẹ."

"O gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn?"

"Láti ìdí báásìnì mi."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ṣé ẹ bi mí? Ẹ ní ó ti kú, ẹ wọlé. Ṣé mo wá mọ̀ pé eyín lẹ ń gbọ́ tí ẹ ń pè ní ẹ́ńjìnì? Ẹ̀yin náà, ẹ máa sọ̀rọ̀!"

Mo bọ eyín sẹ́nu, mo wọ ọkọ̀. Mo bá sọ̀rọ̀. Mo sọ ti mọ́gáàdì fún un, mo sọ ti ọ̀gá mi, mo sọ bí Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ṣe gùn tó lójú mi. Nígbà tí a fi máa rí ilé àbúrò rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká.

Ó ní, "Bàbá, ẹ sinmi díẹ̀. Etí ti ń dùn mí."

Mo sinmi. Òní ni mo tún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀.