Ẹsẹ̀ Tí Mo Kọ́ Pacôme

Ẹ má dá àwọn tó ń jókòó nídìí kọfí ní Pobè lóhùn. Ẹnu wọn ò sìn lára àbúrò mi. Wọ́n ní ó gbàgbé òfin ìjà. Irọ́ ni! Pacôme mọ òfin yẹn ju bí mo ṣe mọ ọ̀nà oko lọ.

Towé ni wọ́n ti bí wa. Èmi Augustin ni ẹ̀gbọ́n, mo sì lágbára nígbà náà, ẹ má wo bí mo ṣe rí yìí. Tí a bá fa ẹ̀gẹ́ tu tán, a ó ja gídígbò nínú oko níbẹ̀. Mo máa ń sọ fún un pé, “Tí wọ́n bá gbé ọ sókè, fi ẹsẹ̀ lọ́ ẹsẹ̀ onítọ̀hún. Kò ní lè sọ ọ́ mọ́lẹ̀.” Tó bá gbàgbé, màá gbé e, màá là á mọ́lẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, ó ń sunkún, mi ò dá a sí.

Nígbà tó pé ogún ọdún, kóòṣì kan rí i níbi ìdíje ní Sakété, ó mú un lọ sí Kútọnu. Ìjà gíréko-róméènì ni wọ́n fi í sí. Nínú ìjà yẹn, ọwọ́ kò gbọdọ̀ kọjá ìbàdí sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kan ẹsẹ̀ ẹlòmíì láti fi jà. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi jà á. Ó dé Dakar, ó dé Tunis, ó gba mẹ́dáì lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá wa a máa nu fọ́tò rẹ̀ láràárọ̀.

Ó wá ku ìjà kan ṣoṣo kó lọ sí Òlíńpíìkì. Ọjọ́ orí ń lọ. Tí eléyìí bá bọ́, ó bọ́ nìyẹn. Orí fóònù Pélagie, ìyàwó rẹ̀, la ti wò ó. Pacôme ní àmì mẹ́rin, ọkùnrin Mòrókò tó ń bá a jà ní mẹ́ta. Kò ju kéèyàn ka ení dé ẹ̀wá tó kù. Ni ọkùnrin náà bá gbá a mọ́ra, ó gbé e kúrò nílẹ̀.

Mo rí ẹsẹ̀ ọ̀tún àbúrò mi. Ó lọ́ mọ́ tọkùnrin náà, kò sì ṣubú lóòótọ́. Adájọ́ fọn fèrè, ó fún ọkùnrin náà ní àmì méjì nítorí ẹsẹ̀ yẹn. Ó parí.

Pélagie ní, “Bọ̀dá, kí ló dé? Ṣebí kò ṣubú?”

Mo dìde, mo kúrò nídìí fóònù náà.

Pacôme ń gbé àpò sìmẹ́ǹtì sínú kámíò ní Onigbolo báyìí. Àbámọ̀ ní ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Lọ́jọ́ kan mo lọ bá a, mo ní, “Pacôme, èmi ni mo bà ọ́ jẹ́. Èmi ni mo kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ yẹn.”

Ó nu sìmẹ́ǹtì ojú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níjà. Ẹ ṣé.”

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ká ní ó gbá mi létí ni, ara ì bá tù mí.